Olóòtú, ẹ má fi A Study in Scarlet bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó, a mọ̀ pé bébà wọ́n bí ojú lásìkò yìí. Télọ̀ ni mí, l'Abẹ́òkúta níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ìtòkú, àwọn aládìrẹ ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, ìwé yín sì máa ń wọlé sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ohun tí ẹ̀gbọ́n kan láti Ìjẹ̀bú-Òde kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé àtijọ́, kó lọ wá A Study in Scarlet tí Conan Doyle kọ, èyí tó jáde ní 1887, torí ibẹ̀ ni Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn Doyle, ti kọ́kọ́ yọjú, àti pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti bá a. Mo kí ẹ̀gbọ́n o, ọ̀rọ̀ wọn dùn ún gbọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ dáadáa lóòótọ́. Dókítà Watson tó ń sọ ìtàn náà fún wa ti ogun Afghanistan dé, ara ẹ̀ ò yá, owó ń tán lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ dáwó rẹ́ǹtì ilé, wọ́n mú un lọ bá Holmes, wọn ò tíì bọra wọn lọ́wọ́ tán tí Holmes ti sọ fún un pé ó ti dé Afghanistan. Ó dùn. Wọ́n bá òkú nínú ilé òfìfo kan, ẹnì kan ti fi ẹ̀jẹ̀ kọ̀wé sára ògiri, ìyẹn náà dùn. Ó dé ìdajì báyìí, wọ́n mú apànìyàn, ẹ ṣí ojú ewé tó kàn, Holmes ò sí mọ́, London ò sí mọ́, ẹ ti bá ara yín nínú aṣálẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kékeré kan tí òùngbẹ fẹ́ pa, lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn ìjọ Mormon ní Utah, ó sì máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó padà rí Holmes. Ẹni tó ti fẹ́ràn Holmes tẹ́lẹ̀ á ní sùúrù fún un. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí ìwé náà yá níbì kan, ó kà á débẹ̀, ó gbé e wá bá mi, ó ní "Ọ̀gá, àwọn tó tẹ ìwé yìí ti po ìwé méjì pọ̀ o." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní kí n wò ó dáadáa. Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé ni o! Ó ti í sábẹ́ àpò aṣọ, mi ò sì rí i kó gbé e mọ́.

Bó bá sì jẹ́ pé tìtorí ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣebí Holmes gan-an kọ́ ló kọ́kọ́ délé ayé. Edgar Allan Poe ará Amẹ́ríkà ti kọ The Murders in the Rue Morgue ní 1841, Dupin ni wọ́n ń pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiẹ̀, ìlú Paris ló ń gbé. Ṣé ẹ̀gbọ́n máa wá ní kí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ eré chess àti eré draughts àti eré káàdì lẹ máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀, ojú ewé lórí ojú ewé, ẹnikẹ́ni ò tíì kú, ẹnikẹ́ni ò tíì sọnù. Àgbà ìwé ni, mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ kó dúró ná.

Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù tiwa nìyí. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bá kọ́kọ́ tán á mú ìwé, á máa kà á sókè, á máa yí i sí Yorùbá bó ṣe ń lọ, àwọn tó kù á máa ṣẹ́ etí aṣọ, wọ́n á máa gán bọ́tìnì. Bí ìtàn ò bá dùn, máṣíìnì lẹ ó máa gbọ́, àti ẹni tó ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa mú iná dé. Bó bá dùn, máṣíìnì á dákẹ́, èmi ọ̀gá á máa pariwo pé aṣọ ẹni tó ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ìtàn nìyẹn, mi ò sì tíì rí ìwọ̀n tó dáa jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa èyí tí gbogbo ayé máa ń dárúkọ, ìyẹn The Speckled Band. Conan Doyle fúnra ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀, ní 1927 tó mú méjìlá tó dáa jù nínú àwọn ìtàn kúkúrú Holmes fún ìwé ìròyìn Strand, òun ló fi ṣíwájú gbogbo wọn. Ìtàn náà ń dẹ́rù bani, mi ò jiyàn, òru, ilé àtijọ́, ìró fèrè nínú òkùnkùn, ọmọbìnrin tó ń gbọ̀n. Àmọ́ ẹranko kan wà nínú ẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí àwọn tí ò tíì kà á, wọ́n ní ó ń mu mílíìkì, wọ́n ní bí wọ́n bá fọn fèrè á gbọ́, á sì padà wálé. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé oko ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n dàgbà sí? Ìgbà tí a kà á débẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi pa wá. Ọ̀kan ní kí òyìnbó yẹn wá sóko bàbá òun kó wá fọn fèrè wò. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀rín ka ìparí ìtàn àkọ́kọ́, ẹ̀rù ò tún ní bà á ní ìkejì.

A Scandal in Bohemia ńkọ́, tó ṣáájú gbogbo ìtàn kúkúrú wọ̀nyẹn nínú Strand ní July 1891? Ó dáa, àmọ́ obìnrin kan ta Holmes yọ nínú ẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn ti rí akíkanjú bó ṣe ń borí kó tó rí i níbi tó ti pàdánù. Silver Blaze náà dáa gan-an, ẹṣin eré ìdíje ló sọnù, ọ̀rọ̀ ajá kan wà níbẹ̀ tí mo máa fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá máa kà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ nǹkankan nípa ẹṣin àti tẹ́tẹ́ ẹṣin á kọ́kọ́ làágùn díẹ̀.

Èyí tí mo fọwọ́ sí, tí mo sì máa fọwọ́ sí níbikíbi, ni The Red-Headed League. August 1891 ló jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, mi ò ní tú àṣírí o, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọkùnrin kan wá bá Holmes, Jabez Wilson lorúkọ ẹ̀, ó sanra, irun orí ẹ̀ pupa fòò. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń gba ìdógò yá èèyàn lówó, ọjà ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀, ọmọ náà mọṣẹ́, àmọ́ ààbọ̀ owó ló ní òun máa gbà torí òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ yìí ló mú ìwé ìròyìn wá bá ọ̀gá ẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ wo ìpolówó yìí, ẹgbẹ́ kan ń wá onírun pupa, olówó Amẹ́ríkà kan ló fi owó sílẹ̀ fún wọn kó tó kú. Wọ́n débẹ̀, àwọn onírun pupa ti kún àdúgbò, wọ́n fa irun Wilson títí omi fi lé sójú ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé wíìgì kọ́, wọ́n bá gbà á. Iṣẹ́ wo ló máa ṣe? Kó máa wá jókòó sí ọ́fíìsì kan láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kó máa da ìwé Encyclopaedia Britannica kọ, láti A. Òun ló máa ra yíǹkì àti bébà tó máa lò. Kò gbọdọ̀ jáde, ìbáà ṣe àìsàn, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ọjà ẹ̀, bó bá fẹsẹ̀ kan jáde báyìí, iṣẹ́ ti bọ́. £4 lọ́sẹ̀! Láyé ìgbà yẹn!

A kà á débẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ kan ti lọgun "Gbájúẹ̀ ni wọ́n!" Òmíì ní wọ́n máa tó ní kó wá san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ sì mọ̀ pé fóònù tani kì í wọlé fún l'Abẹ́òkúta yìí, pé iṣẹ́ wà, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, owó ńlá, ẹ kàn fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ń kàwé ní rárá o, wọn ò gba kọ́bọ̀, owó wúrà gidi ni wọ́n ń kà sórí tábìlì fún un ní gbogbo Sátidé. Ibẹ̀ ni máṣíìnì ti dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kẹ́nì kan tó bèèrè pé "Kí wá ni wọ́n ń rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Olóòtú, ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ìtàn náà dúró lé. Ẹni tó bi í, kò ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan rí láyé ẹ̀, ohun tójú ẹ̀ ti rí nígboro ló fi débẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ń sọ pé ìtàn yìí ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹni tuntun á bá Holmes rìn ẹsẹ̀ kan náà títí dé ìdajì ọ̀nà, kò ní jókòó máa wòye pé òyìnbó yìí mà gbọ́n o, òun náà á ti máa rò ó, á ti máa bá aládùúgbò ẹ̀ jiyàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ní òun fẹ́ ààbọ̀ owó náà ńkọ́? Gbogbo ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́ láti Ìtòkú títí dé Lafẹnwá ló mọ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́, tó ní owó kékeré tó òun, ohun kan wà tó ń wá nínú ilé rẹ. Ìwé ò sọ fún wa, àwa la sọ fún ìwé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Wilson dé ọ́fíìsì láàárọ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n kan páálí pélébé mọ́ ọn pé ẹgbẹ́ ti túká, October 9, 1890. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Holmes àti Watson rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí Holmes wá lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Wilson, ó fi ọ̀pá ẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó kanlẹ̀kùn, ọmọ iṣẹ́ yẹn yọjú, Holmes kàn bi í ní ọ̀nà, ó dúpẹ́, ó kúrò níbẹ̀. Watson ní ṣebí kó o lè rí ọmọ náà lo ṣe kanlẹ̀kùn. Holmes ní òun kọ́ ni mo fẹ́ rí, orúnkún sókòtò ẹ̀ ni. Watson ní kí lo wá rí níbẹ̀? Ó ní ohun tí mo retí láti rí ni.

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Sókòtò! Iṣẹ́ wa! Ìwé ò sọ ohun tó wà ní orúnkún sókòtò yẹn títí ìtàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àmọ́ kò sí télọ̀ tí wọn ò tíì gbé sókòtò wá bá pé kó bá wọn lẹ àbùlẹ̀. Sókòtò awakọ̀ á gbó nídìí. Sókòtò bíríkìlà tó ń lẹ táìsì ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ló dìde, ó na sókòtò kan tó wà nílẹ̀ fún àtúnṣe sókè, ó fi ìka gbo orúnkún ẹ̀, ó ní "Ọ̀gá, ẹni yẹn ń kúnlẹ̀ ṣe nǹkan ni o." Mi ò ní sọ fún yín bóyá ó gbà á àbí kò gbà á, mi ò sì ní sọ ohun tí ẹni náà ń kúnlẹ̀ ṣe. Aṣọ ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé dúró dìgbà tí a ka ìtàn náà tán.

Àwọn kan tó ti kàwé jìnnà á ní Conan Doyle ò ṣe dáadáa tó bó ṣe fi ohun tí Holmes rí pa mọ́. Òtítọ́ ni. Ní 1929, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Ronald Knox tóun náà ń kọ irú ìtàn yìí ṣe òfin mẹ́wàá sílẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé àmì yòówù kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí, kí òǹkàwé náà rí i lójú ẹsẹ̀. Ní 1930 ni àwọn òǹkọ̀wé ní London dá Detection Club sílẹ̀ lórí irú òfin báwọ̀nyí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fún ẹni tuntun, èyí tí Doyle ṣe yìí tó, ó fi ìka hàn wá níbi tó yẹ ká wò, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Agatha Christie, obìnrin tóun náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹni tuntun ní The Murder of Roger Ackroyd. Ìwé tó jáde ní 1926 yẹn lágbára, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kọjá sísọ, àmọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ ti mọ́ àṣà irú ìtàn yìí lọgbọ́n náà ń mú. Ẹni tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ta ayò, bẹ́ ẹ bá ta èyí tó le jù lójú ẹ̀, á kàn wò yín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Murder on the Orient Express ti 1934. And Then There Were None ti 1939 ò tiẹ̀ ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan pàtó tó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ fún wa, òkú ló ń tẹ̀lé òkú, ó dùn bí ẹ̀rù bá ń wù yín. Bí ẹni tuntun bá ti ka ìtàn kúkúrú bíi mélòó kan, tó wá fẹ́ odindi ìwé Christie, A Murder Is Announced ti 1950 ni kẹ́ ẹ fún un. Nínú ìwé ìròyìn abúlé ni wọ́n ti polówó pé wọ́n máa pànìyàn nílé báyìí, lọ́jọ́ Friday, October 29, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbọ́, wọ́n pè wọ́n, wọ́n sì lọ! Gbogbo aládùúgbò ló múra, oníkálukú ní irọ́ tó pa pé òun kàn ń kọjá lọ ni. Ìyá arúgbó tó ń hun òwú, Miss Marple, ló wá tú u. Àdúgbò wo ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ ò sí, tó jókòó síwájú ilé, tó mọ ẹni tó wọlé àti ìgbà tó jáde?

Láàárín The Red-Headed League àti ìwé Christie yẹn, ẹ fi ìtàn kúkúrú The Blue Cross tí Chesterton kọ há a, ti 1910, níbi tí iyọ̀ ti wà nínú abọ́ ṣúgà, tí ẹnì kan da ọbẹ̀ sára ògiri, tí àlùfáà kékeré kan ń rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò mọ nǹkankan. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ki, ìdí tí mi ò ṣe fi ṣíwájú nìyẹn.

Ẹnì kan á ní télọ̀ yìí kàn ń ka ìwé òyìnbó sílẹ̀, Yorùbá ò ní tiẹ̀ ni? A ní in, a sì ní in dáadáa. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971, Lápàdé, akíkanjú inú wọn, lè jà, ó lè sáré, ẹnu ẹ̀ mú, àmọ́ eré àti ìjà ló pọ̀ níbẹ̀ ju àlọ́ lọ. Kọ́lá Akínlàdé ló sún mọ́ irú èyí tí mò ń sọ, ẹ wá Owó Ẹ̀jẹ̀, ẹ wá Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ẹni tí kì í ka Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni kó tibẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú òun. Wàhálà ibẹ̀ ò ju pé ìwé ọ̀hún ṣòro í rí. Èmi wá a ní Sápọ́n títí, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ títíṣà ló wá bá mi rí ọ̀kan tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti lọ.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún gan-an nìyí. Ìlú wa níbí ni Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859 fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ò ṣàjèjì sí wa. Ní 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá sínú Àkéde Èkó, ìtàn ni o, àmọ́ ó kọ ọ́ bíi lẹ́tà sí olóòtú, àwọn òǹkàwé sì gbà á gbọ́ pé obìnrin náà wà láyé. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ bá wa wá ẹni tó mọ Yorùbá kó túmọ̀ The Red-Headed League fún wa. Conan Doyle ti kú láti 1930, ẹ ò ní í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti Christie ni ò tíì tó àkókò torí 1976 ló kú.

Doyle kíyè sí i nígbà ayé ẹ̀ pé ẹni tó bá fo ẹ̀dà kan nínú ìtàn alátẹ̀léra ò ní tẹ̀lé e mọ́, ìdí tó fi ń jẹ́ kí ìtàn Holmes kọ̀ọ̀kan parí nínú ẹ̀dà tiẹ̀ nìyẹn. Bí àyè bá gbà yín, ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ bí ìwé kékeré sáàárín ìwé ìròyìn. Bí kò bá gbà, ẹ gé e sí mẹ́ta péré, ẹ gé àkọ́kọ́ síbi páálí tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀kùn, ẹ gé ìkejì síbi orúnkún sókòtò, kẹ́ ẹ wá fún àwọn òǹkàwé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó tẹ ìparí ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, ẹ fún un ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún oṣù kan. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibẹ̀ gàdàgbà pé àwọn télọ̀ ò gbọdọ̀ dá sí i.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan nítòsí Ìtòkú, Abẹ́òkúta